Ẹ̀kọ́ Òfin Lédè Àlejò

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní òfin ní Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣèdánwò rẹ̀. Ọmọ Èkó tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rí lè má ka èyí sí bàbàrà. Ti ọmọ Ẹ̀gùá ní ilẹ̀ Yewa yàtọ̀. Ẹ̀ka-èdè Kétu ló gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Yorùbá inú ìwé Aláwíye ti J. F. Ọdúnjọ ló bá pàdé nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kàn án, ó ti kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ ọjà ẹ̀wẹ̀, Faransé àwọn tó ń ti òdìkejì ààlà wá kì í jìnnà sí etí rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ kíláàsì òfin láàárín 1962 sí nǹkan bíi 1985, iṣẹ́ méjì ló dì mọ́ra: ó ń kọ́ òfin, ó sì ń kọ́ èdè tí òfin ń sọ. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún un nígbẹ̀yìn dárúkọ.

Ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò kó tó gba orúkọ Yewa ní 1995, ti mọ kóòtù òyìnbó tipẹ́ kí ará ibẹ̀ tó gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ òfin nílé-ìwé. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó la ilẹ̀ náà láàárín. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, Ẹ̀gùá, Ayétòrò àti Ìlaròó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlaròó ni ìjọba àmúnisìn fi ṣe ibùjókòó fún agbègbè náà, nínú kóòtù ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti kọ́kọ́ rí bí ẹjọ́ kan ṣe ń jẹ́ èdè méjì. Olùpẹjọ́ á dìde, á rojọ́ ní Yorùbá. Ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe onígbàgbọ́ tàbí ìmàle á fi irin Ògún búra. Àwọn ìjòyè tó ń dájọ́ á bi í léèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, wọ́n á pa òwe sí i, wọ́n á bá a wí bí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ gún ọ̀rọ̀. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń kọ ọ́. Bí ẹjọ́ bá gòkè lọ sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀ tàbí sí kóòtù ńlá, ohun tí gègé akọ̀wé bá sọ ni wọ́n á gbọ́. Òwe ti dànù, ìbínú ti dànù, ìdajì àlàyé náà sì lè ti bá wọn lọ. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ẹlẹ́jọ́ ń wá ojúure akọ̀wé bí wọ́n ṣe ń wá ti adájọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà gan-an nígbà náà, òkun ló máa là kọjá. Òfin kóòtù tí ìjọba àmúnisìn ṣe ní 1876 kọ́kọ́ fàyè gba àwọn kan tó mọ̀wé díẹ̀, tí wọn kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin kankan, láti máa gba ìwé àṣẹ olóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí wọ́n sì máa gbẹnu sọ fún ẹlẹ́jọ́. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1879. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888. Stella Thomas tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ ní 1933. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ ní 1944, ó sì parí ní 1946. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn kọ́. Wọ́n jẹ iye oúnjẹ alẹ́ tí ilé-ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Lọ́ńdọ̀nù là sílẹ̀ fún wọn, wọ́n gba wígì, wọ́n wọkọ̀ padà wálé, wọ́n sì bá ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí àti ogún olórogún pàdé, èyí tí olùkọ́ kankan ní Lọ́ńdọ̀nù kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí wọn rí.

Òmìnira tó ń bọ̀ ló yí èyí padà. Ní 1959 ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Unsworth, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, láti wo bí wọ́n á ṣe máa kọ́ lọ́yà nílé. Ìgbìmọ̀ náà ní kí fásitì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òfin, kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà sì wà ní Èkó fún ẹni tó bá ti gboyè. Ìbàdàn kò yára. Nsukka ló ṣáájú ní 1961. Èkó, Ifẹ̀ àti Zaria tẹ̀ lé e ní 1962, ọdún kan náà tí òfin tó dá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin sílẹ̀ jáde. Ìbàdàn náà ni Fásitì Ifẹ̀ ṣì wà nígbà náà, kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ní Èkó, òyìnbó ọ̀jọ̀gbọ́n kan, L. C. B. Gower, ló jẹ́ olórí ẹ̀ka òfin títí di 1965. Àwọn ìwé tó wà lórí àwọn pẹpẹ ìkówèésí ní ọdún wọ̀nyẹn, Lọ́ńdọ̀nù ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ti ọmọ Nàìjíríà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé dání kò ju ìwọ̀nba lọ. T. O. Elias ti kọ ìwé lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1951, G. B. A. Coker sì ti kọ tirẹ̀ lórí ohun-ìní ẹbí láàárín Yorùbá ní 1958. Àwọn méjèèjì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà láti Ẹ̀gùá dé ibẹ̀ kò kúrú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ di ọmọ ilé-ìwé. Fún ìwé mẹ́wàá, Kọ́lẹ́jì Ẹ̀gbádò wà ní Ìlaròó láti 1950, nígbà tó sì di 1963, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú ìrànwọ́ Amẹ́ríkà àti Fásitì Harvard, dá ilé-ìwé Kọ̀ńpúríhẹ́ńsíìfù sílẹ̀ ní Ayétòrò, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó fẹ́ kọ́ òfin gbọ́dọ̀ yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, lọ́pọ̀ ibi sì rèé, ó gbọ́dọ̀ yege nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Kì í ṣe òpè ló ń ṣubú níbẹ̀. Ọmọ tó lè tú ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ palẹ̀ láti orí baba-ńlá lè kọ WAEC nígbà mẹ́ta nítorí Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Ẹni tó bá la èyí já, tó wọ kíláàsì, á rí i pé Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ wá kò tó. Òfin ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Gbólóhùn kan lè gba ìdajì ojú ewé, kí àwọn ọ̀rọ̀ bí “tí kò bá” àti “àyàfi bí” ká ara wọn mọ́ra débi pé akẹ́kọ̀ọ́ á dé òpin rẹ̀ kó tó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Èdè Látìn, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ni kò nira tó bẹ́ẹ̀. Àlejò ni Látìn sí gbogbo wọn, òyìnbó pàápàá. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí bí ẹni ń há oríkì, á sì mọ̀ pé ohun tó há yẹn ní ìtumọ̀ kan pàtó. Gẹ̀ẹ́sì tó dà bí èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń tàn án. Nínú ẹ̀kọ́ àdéhùn, olùkọ́ á ní kò sí àdéhùn tí kò ní “consideration”, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun á sì lérò pé àánú tàbí ìgbatẹnirò ni wọ́n ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹnì kìíní fi lélẹ̀ ní pàṣípààrọ̀ fún ti ẹnì kejì ni. Kò sí ìwé atúmọ̀-èdè ilé-ìwé gíga tó lè gbà á lọ́wọ́ irú rẹ̀, nítorí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun wo ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni ayé tí ẹjọ́ ti ṣẹlẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí kò kọ́ ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson. Ní 1928, ní ìlú Paisley ní Scotland, ọ̀rẹ́ kan ra ọtí ginger beer fún Arábìnrin Donoghue nílé ìpápánu. Ìgò náà dúdú, kò ṣeé wò inú rẹ̀. Ó ti mu díẹ̀ kí òkú ìgbín tó ti jẹrà tó jáde láti inú èyí tó kù. Ó ní àìsàn ṣe òun. Òun kọ́ ló sanwó, nítorí náà kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú ẹni tó tà á. Ní 1932, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù dá a pé Stevenson, ẹni tó ṣe ọtí náà, jẹ ẹ́ ní gbèsè ìṣọ́ra síbẹ̀. Orí ìdájọ́ yìí ni gbogbo òfin àìbìkítà dúró lé. Ọmọ Yewa tó gbọ́ ìtàn yìí ní nǹkan méjì láti kọ́kọ́ borí. Èkíní, kò rí ginger beer rí. Èkejì, ìgbín ni ìyá rẹ̀ fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, àwọn alájàpá sì ń ru ú lọ sọ́jà. Kí ni ẹ̀rù ìgbín? Kíláàsì á rẹ́rìn-ín, olùkọ́ tó bá sì gbọ́n á jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, á wá bi wọ́n léèrè pé: bí ẹnì kan bá ra ẹ̀kọ ní Ọ̀jà Ọ̀dán, tó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé, tí wọ́n bá èèkánná nínú ewé rẹ̀, ta ni ìyàwó máa bá wí, ṣé ẹni tó tà á ni àbí ẹni tó sè é? Láti ibẹ̀ lọ, òfin náà ti wọlé, ó kù kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Olùkọ́ tí kò bá gbọ́n á tún ka ìdájọ́ Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, fún wọn lẹ́ẹ̀kejì, á sì ní kí wọ́n lọ kà á nílé. Kò sì sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé Atkin yìí kan náà, ní 1931, ni ó kọ ìdájọ́ tó gbe Eléko Èṣùgbàyí, ọba Èkó, lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ lílé tí ìjọba lé e kúrò ní Èkó.

Ẹ̀kọ́ òfin ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Níbẹ̀, ọmọ oko ló mọ̀ jù, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti olórí ẹbí nìkan. Ó mọ àlejò tó ń dáko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, tí kò sì lè gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ. Ó ti gbọ́ ẹjọ́ wọ̀nyí nídìí ìlẹ̀kùn nígbà tí àwọn àgbà ń parí wọn lóru. Àmọ́ ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ pe gbogbo rẹ̀ ní orúkọ tí kò mọ̀, ó sì lọ́ kiri inú òfin ọba Gẹ̀ẹ́sì ti ayé àtijọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ náà látilẹ̀ ló ń dákẹ́ ní kíláàsì, ọmọ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàlàyé ìṣákọ́lẹ̀ fún un.

Àwọn adájọ́ àgbà fúnra wọn ti rí ewu yìí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, tí Olóyè Àmọ̀dù Tìjání Olúwa sì pe ẹjọ́ lórí rẹ̀, ọ̀ràn náà dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay ló tẹ̀ lé olóyè náà lọ ní 1920, òun ló sì ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Nínú ìdájọ́ 1921 tó gbe Olúwa, Viscount Haldane kìlọ̀ pé kí adájọ́ ṣọ́ra fún fífi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ bí àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí ṣe ń ní ilẹ̀, nítorí ó rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ilẹ̀ ló ní láti mọ ìkìlọ̀ yìí. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìdánwò, ní Gẹ̀ẹ́sì, nínú kíláàsì tó ń ṣe ohun gan-an tí Haldane ní kí wọ́n má ṣe.

Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé ló yàtọ̀, àwọn tó kọ́ òfin láàárín ọdún wọ̀nyẹn kì í sì í gbàgbé rẹ̀. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n á pín ogún rẹ̀ sí, kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, ni àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, kí orí kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ fara mọ́ orí-òjorí, ó ní ìdí-igi kò bá ìwà ẹ̀tọ́ mu mọ́. Kóòtù tó ga jù ní 1958 dojú ìyẹn dé, Ìgbìmọ̀ Ọba sì fọwọ́ sí i ní 1962: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, olórí ẹbí sì lè lo orí-òjorí níbi tó bá rí i pé ìjà ń bọ̀. Nínú ìwé ìdájọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ìdí-igi àti orí-òjorí wà níbẹ̀ ní Yorùbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ ẹjọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ Íbò àti ti Hausa ló ń bi ọmọ Yorùbá léèrè ìtumọ̀. Ẹni tó ti ń dákẹ́ látìgbà tí sẹ́mísítà ti bẹ̀rẹ̀ á rí nǹkan sọ.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nígbà náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ. Ìwé kò tó. Olùkọ́ á dúró, á máa pe ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á máa kọ ọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ kò yá sí Gẹ̀ẹ́sì á ṣi orúkọ ẹjọ́ kọ, á lọ wá a nínú ilé-ìkàwé lọ́sẹ̀ kan gbáko, kò ní rí i. Gbangba ni ẹ̀kọ́ ti ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì, àmọ́ yàrá ilé-ibùgbé ni òye ti ń wọlé lálẹ́. Ibẹ̀ ni mẹ́ta-mẹ́rin wọn á kóra jọ sí, tí wọ́n á fi Yorùbá ja ẹjọ́ náà, ọ̀kan á jẹ́ olùpẹjọ́, ọ̀kan olùjẹ́jọ́. Ìlànà pé kí adájọ́ gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, tó ní orúkọ Látìn gígùn, ti wà lẹ́nu wọn láti kékeré: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn, ẹ̀gbẹ́ ojú ewé ni wọ́n ń kọ irú nǹkan báyìí sí pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, òwe kan, orúkọ ẹlẹ́jọ́ kan nílé, kí àárín ewé lè wà fún Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí olùkọ́ tó ń fún ẹ̀gbẹ́ ojú ewé ní máàkì. Ẹ̀gbẹ́ yẹn sì ni iṣẹ́ gidi wà.

Ní òdìkejì ààlà, ìbátan wọn ń rí ti Faransé. Ọmọ Kétu tó fẹ́ kọ́ òfin ní láti lọ sí Dakar tàbí Paris títí tí Dahomey, orílẹ̀-èdè wọn, fi dá fásitì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Abomey-Calavi ní 1970. Òfin tó wá láti inú ìwé òfin Napoléon ni wọ́n ń kọ́, àlàyé inú ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ lé ju ìdájọ́ adájọ́ lọ. Ní ti àṣà ìbílẹ̀, ìjọba Faransé kó o jọ ní 1931, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan ní Faransé, wọ́n sì ní kí kóòtù máa lò ó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kọ irú rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ lo àṣà wá ẹlẹ́rìí tí yóò jẹ́rìí sí i, bí ẹni ń jẹ́rìí pé òun rí olè. Ẹbí kan náà, oko tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, ilẹ̀ àti ogún kan náà, ọmọ méjì wọn sì gboyè òfin tí ọ̀kan kò lè ka ìwé èkejì. Bí wọ́n bá pàdé níbi òkú bàbá àgbà, Yorùbá ni wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀.

Ẹni tó bá ti fásitì jáde nígbà náà á lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní Èkó, tó kó lọ sí Victoria Island ní 1969, kí wọ́n tó pè é sí iṣẹ́ lọ́yà. Bó bá padà sí Ìlaròó tàbí Ayétòrò láti ṣiṣẹ́, wàhálà tuntun ló ń dúró dè é. Ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ dáadáa níwájú adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga, àmọ́ kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣàlàyé fún oníbàárà rẹ̀, ní Yorùbá, ìdí tí wọ́n fi sún ẹjọ́ síwájú tàbí ohun tí ìwé tó fọwọ́ sí túmọ̀ sí. Òfin ilẹ̀ 1978, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, fi èyí hàn kedere: àgbẹ̀ ń bi lọ́yà pé ṣé ìjọba ti gba ilẹ̀ bàbá òun ni, lọ́yà sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999, ní abala 36, ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn náà ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì wá ògbufọ̀ fún un láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé lé ògbufọ̀ lọ́wọ́, kò sì sí kíláàsì òfin tó kọ́ lọ́yà bí òun náà ṣe lè mọ̀ pé ògbufọ̀ ń ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀.

Wọ́n ti gbìyànjú díẹ̀. Ní 1991 ni àjọ ìwádìí ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Hausa, Íbò àti Yorùbá. Àwọn kóòtù ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ ní Yorùbá. Fásitì tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní Àgó-Ìwòyè ní 1982 ń kọ́ni ní òfin níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbé wá sí Ayétòrò, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ti pinnu ohun tí ọmọ Yewa máa kọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni èdè ẹ̀kọ́ òfin nílé-ẹ̀kọ́ gbogbo.

Àwọn tó kọ́ òfin láàárín 1962 sí nǹkan bíi 1985 ti ń dàgbà, àwọn kan ti lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì wọn ṣì wà nínú àpótí nílé àwọn mìíràn, pẹ̀lú Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé. Ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ má fi dáná, ẹ má tà á fún alákàrà. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń kọ́ni ní òfin ní fásitì tó sún mọ́ yín jù, kó jókòó tì í, kó sì fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀.